Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ́ Ló Pẹ́

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ọ̀kadà gbé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣubú. Orí kó o yọ, ṣùgbọ́n ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dá sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fi píọpí dè é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n tú u, ọwọ́ náà ti rù, àwọn ìka ti le, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn sì ní kí ó wá nǹkan tí yóò máa mú àwọn ìka náà ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan tí yóò máa fún mọ́wọ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí bọ́ọ̀lù náà fi di ohun ìṣeré ọmọ rẹ̀.

Èmi ni mo dá a lábàá pé kí a wá géèmù.

Ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ nídìí géèmù. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ọkùnrin kan ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn ní ṣọ́ọ̀bù kan tí ẹ̀rọ géèmù oníkóìnì méjì wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní arcade: àpótí pákó tó ga ju ọmọdé lọ fíìfíì, tẹlifíṣọ̀n wà nínú rẹ̀, ọ̀pá ìdarí àti bọ́tìnnì mẹ́fà wà níwájú. Street Fighter II ni ọ̀kan nínú méjèèjì, èyí tí ilé iṣẹ́ Capcom ti Jàpáànù gbé jáde ní ọdún 1991. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti gbó. Àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣá, bọ́tìnnì kan sì ti kú. Ìyẹn kò dí ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà náà, kóìnì kan ṣoṣo ni ó sì fi ń lo odindi ọ̀sán, nítorí pé ẹni tó bá borí ni ó ń dúró, ẹni tó bá pàdánù ni ó ń sanwó mìíràn. Àwọn ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n máa ń ti Mọ́kọ́lá wá bá a figagbága. Èmi ni mo máa ń bá a di báàgì ìwé rẹ̀ mú.

Torí náà mo lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, mo ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tó ní káàdì gíráfíìkì NVIDIA nínú, mo ra jọ́ístíìkì tí a lè fi USB so mọ́ ọn, mo sì fi MAME sí i. MAME ni ètò kọ̀ǹpútà tí Nicola Salmoria, ọmọ Ítálì, gbé jáde ní ọdún 1997. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa sín àwọn ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ jẹ, débi pé géèmù tí wọ́n kọ fún àpótí pákó yẹn yóò rò pé inú àpótí ni òun ṣì wà. MAME fúnra rẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. Àwọn géèmù ní olówó tiwọn, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ jí nǹkan oní-nǹkan. Mo so gbogbo rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n ínṣì 50 tó wà ní pálọ̀, mo sì pe ẹ̀gbọ́n mi.

Ó jókòó, ó mú Ryu. Ọwọ́ òsì wà lórí ọ̀pá, ọwọ́ ọ̀tún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná wà lórí bọ́tìnnì. Ken fò wá. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀ṣẹ́ Ryu jáde lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ Ken ti gún un láyà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ó tún pẹ́. Ní ìgbà kẹrin, ó rọra gbé jọ́ístíìkì sílẹ̀ lórí àga.

“Àbúrò, o ṣeun. Ọwọ́ yìí ti lọ nìyẹn.”

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbìyànjú.”

“Fi mí sílẹ̀ jàre.”

Ọkùnrin yìí kò sunkún nígbà tí wọ́n ń to egungun rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà kò jẹun.

Ìka tèmi kò dá rí. Nígbà tó lọ sùn, mo jókòó sídìí géèmù náà fúnra mi, mo tẹ bọ́tìnnì, mo sì rí i pé èmi náà ń pẹ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń bá ará Tòróńtò sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò dára: ẹ bi í ní ìbéèrè, ẹ dákẹ́, ẹ tún fẹ́ bi í, ìgbà yẹn ni ìdáhùn ti àkọ́kọ́ ń dé. Fóònù mi lè ya fídíò ní àwòrán 240 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo gbé e síbi tí yóò ti rí ìka mi àti tẹlifíṣọ̀n pa pọ̀, mo tẹ bọ́tìnnì nígbà mẹ́wàá, mo sì jókòó ka àwọn àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí ìka mi bá kan bọ́tìnnì títí di ìgbà tí apá Ryu bá mira, àwòrán bíi 38 ni mo ń kà. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́fà ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ lè ní kí ni ìyẹn já mọ́. Nínú géèmù yìí, àwòrán ń yí padà nígbà bíi 59.6 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwòrán mẹ́sàn-án ti kọjá kí ẹ̀ṣẹ́ yín tó jáde. Ẹni tó ń fò bọ̀ ti balẹ̀ sórí yín.

Ibo ni àkókò náà ń lọ? Inú tẹlifíṣọ̀n ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Tẹlifíṣọ̀n òde òní kì í gbé àwòrán jáde bó ṣe gbà á. Ó máa ń dá a dúró, á nu ojú rẹ̀ nù, á mú kí àwọ̀ rẹ̀ tàn sí i, á fi àwòrán méjì wé ara wọn kí ó lè hùmọ̀ ẹ̀kẹta sáàrin wọn, kí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá lè máa yọ̀ lọ lójú wa bí ìgbà tí epo ń ṣàn. Fún ẹni tó ń wo Super Eagles, kò sí wàhálà níbẹ̀. Gbogbo ilé ni ó jọ ń pẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀, àfi tí aládùúgbò bá ṣíwájú yín pariwo góòlù. Fún ẹni tó ń ta géèmù, jàǹbá ni. Nínú sẹ́tíńgì tẹlifíṣọ̀n wa, ohun kan wà tó ń jẹ́ Game Mode. Tí a bá tàn án, tẹlifíṣọ̀n yóò pa ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ àṣelé yẹn tì. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti rà á. Kò sẹ́ni tó tàn án rí.

Ìyókù wà lọ́wọ́ káàdì gíráfíìkì. Kí àwòrán má baà ya sí méjì lójú tẹlifíṣọ̀n, káàdì máa ń dúró títí tẹlifíṣọ̀n yóò fi ṣe tán láti gba àwòrán tuntun. Kò burú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń dúró yẹn, ó lè to àwòrán méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ bí ọkọ̀ tó tò sílé epo, tí èyí tí ìka yín ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yóò sì wà ní ìdí ìlà pátápátá. Ní ọdún 2019, NVIDIA fi Low Latency Mode sínú sẹ́tíńgì káàdì wọn láti gé ìlà náà kúrú. MAME náà ní tirẹ̀, lowlatency ni wọ́n kọ ọ́. Mo tàn gbogbo wọn, mo sì tún ya fídíò. Àwòrán 38 ti di 17.

Èdè àti ìbánisọ̀rọ̀ ni mo kọ́ títí mo fi gba oyè kejì ní yunifásítì. N kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí tó báyìí. Sẹ́tíńgì tí ẹ̀rọ bá wa wọlé kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Ẹnìkan ló jókòó yàn án, ó sì yàn án kí tẹlifíṣọ̀n náà lè tàn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lórí pẹpẹ ìtajà. Kò ro ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ọn. Nígbà tí ohun tó yàn kò bá sì bá wa mu, a kì í bá ẹ̀rọ wí, ara wa ni a ń bá wí. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Mo ti dàgbà jù fún irú eléyìí. Ọwọ́ yìí ti lọ.

Nígbà tí mo rí ọ̀rọ̀ pípẹ́ yìí, ojú mi là sí àwòrán fúnra rẹ̀. Ryu sanra. Ọkùnrin tó yẹ kó rí bí ẹni tó ń sáré gun òkè lójoojúmọ́ wá rí bí alága ìjọba ìbílẹ̀.

Àwòrán Street Fighter II ní àmì kékeré, tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì, 384 ní ìbú àti 224 ní òró. Tí ẹ bá fi 224 pín 384, ẹ óò rí 1.71. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n inú àpótí pákó jẹ́ 4:3, ìyẹn 1.33 péré. Àwọn tó ya Ryu mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n náà yóò fún àwọn píksẹ́lì pọ̀ ní ìbú, wọ́n sì yà á ní fífẹ̀ kí ó lè rí bó ṣe yẹ nígbà tó bá di fífún. Bí a bá wá na àwòrán náà kó kún tẹlifíṣọ̀n 16:9, Ryu yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ kí a rí i. Ti Pac-Man tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Géèmù Namco ti ọdún 1980 yẹn ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, 224 sí 288, nítorí pé wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ gbé tẹlifíṣọ̀n inú àpótí rẹ̀ dúró. Ẹ nà án kó kún tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, yóò fi ju ìlọ́po méjì lọ fẹ̀. Àkàrà tí wọ́n jókòó lé lórí ni yóò dà.

Báwo ló ṣe wá ṣẹlẹ̀ sí wa, nígbà tó jẹ́ pé MAME máa ń ṣọ́ ìrísí àwòrán láìjẹ́ pé a sọ fún un? Ẹni tó ta kọ̀ǹpútà fún mi ti fi ojú rẹ̀ sí 1024 × 768 kí lẹ́tà lè tóbi fún oníbàárà. MAME wò ó, ó rí i pé 4:3 ni, ó sì fi Ryu kún un dẹ́múdẹ́mú. Káàdì gíráfíìkì gba 1024 × 768 náà, ó rí i pé 16:9 ni tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé gbogbo ohun tó bá dé, kó nà án kó kún. Ó nà án. Nínú ẹ̀rọ mẹ́ta, ìkankan kò ṣàṣìṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an, Ryu sì di alága. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kí ó tètè tún ti kọ̀ǹpútà ṣe kó tó débi MAME rárá. Ẹ fi kọ̀ǹpútà sí iye píksẹ́lì tí tẹlifíṣọ̀n yín ní gan-an, 1920 × 1080 ni tiwa. Ẹ wọ inú sẹ́tíńgì káàdì, níbi tí wọ́n ti ń sọ bí yóò ṣe máa na àwòrán, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí Full-screen, ẹ fi sí Aspect ratio. Ní tẹlifíṣọ̀n 1080, àwòrán 4:3 yóò gba 1440 láàrin, dúdú yóò sì wà ní 240 lọ́tùn-ún, 240 lósì. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tó kéré lójú ẹni tí kò tíì rí i rí. Ìlà 224 ni géèmù ní, ìlà 1080 ni tẹlifíṣọ̀n ní. Ẹ pín in: mẹ́rin-mẹ́rin yóò kárí, 184 yóò sì ṣẹ́kù. Tí a bá ní kó ṣáà kún, ìlà 184 nínú géèmù yóò gba márùn-ún, ìlà 40 yóò gba mẹ́rin. Bí ìgbà tí ìyá kan ń pín ẹran fún ọmọ púpọ̀ tí kò sì dọ́gba. Nígbà tí àwòrán bá dúró sójú kan, ẹ kò ní mọ̀. Tó bá ń lọ sókè sódò, ara rẹ̀ yóò máa rú bí omi. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí gbogbo ìlà gba mẹ́rin, kó jẹ́ 896, kí a sì fi 92 sílẹ̀ ní dúdú lókè àti 92 nísàlẹ̀. MAME lè ṣe é, káàdì NVIDIA àti ti Intel tuntun náà sì ti ní i láti ọdún 2019. Tẹlifíṣọ̀n 4K sàn jù níbí, nítorí pé mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án yóò gba 2016 nínú 2160. Èmi fẹ́ kí ìlà dọ́gba. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwòrán náà ti kéré jù fún òun. Mo fi sí bó ṣe fẹ́, n kò ní tìtorí ìlà 184 bá ẹ̀jẹ̀ mi jà.

Ti ìyára ni mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Tẹlifíṣọ̀n wa ń yí àwòrán padà nígbà 60 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mortal Kombat, géèmù Midway ti ọdún 1992, ń yí i padà nígbà bíi 54.7. Bí ẹ bá fi tipátipá mú un bá tẹlifíṣọ̀n rìn, gbogbo ìjà náà yóò yá ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí ìyára tirẹ̀, àwòrán bíi márùn-ún yóò máa fara hàn lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì rí i tó ń ta gìrì díẹ̀díẹ̀. Kí ó ta gìrì. Street Fighter II tí ìyàtọ̀ tirẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, mo jẹ́ kí ó bá tẹlifíṣọ̀n rìn. Àwọn ojú ẹ̀rọ kan wà báyìí tó máa ń dúró de káàdì dípò kí káàdì dúró dè wọ́n. NVIDIA pe tiwọn ní G-Sync ní ọdún 2013, AMD tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú FreeSync. Wọ́n ń yanjú ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Tiwa kò ní i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyára yìí kì í ṣe tuntun ní ìhà tiwa. PAL ni Nàìjíríà lò fún tẹlifíṣọ̀n, 50 ni òun fi ń ka ìṣẹ́jú-àáyá, nígbà tó sì jẹ́ pé 60 ni Jàpáànù àti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ta Sonic lórí Sega Mega Drive tí wọ́n ṣe fún PAL ń gbọ́ orin tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ó sì gbà pé bí orin náà ṣe rí nìyẹn.

Mo fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ dúdú ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, nítorí pé ibẹ̀ ni ìjà mi pẹ̀lú àwọn èèyàn wa wà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ọmọkùnrin kan wá tún díìṣì wa ṣe. Ó rí dúdú lọ́tùn-ún lósì, ó mú rìmóòtù, kí n tó ti ilé ìdáná dé, ó ti nà án kún. “Àǹtí, mo ti bá yín tún un ṣe. Owó ínṣì 50 lẹ san, kí ló dé tí ẹ óò fi máa lo 38?” Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀. Ẹni tó fi owó oṣù mẹ́ta ra tẹlifíṣọ̀n kò fẹ́ kí igun kan ṣòfò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó wọlé kún un. Bí ẹ bá bu omi sí ọbẹ̀ kí ìkòkò lè kún, ẹran kò pọ̀ sí i.

Bẹ́ẹ̀ a ti fi ìkúndùn yìí ba àwọn nǹkan tiwa jẹ́. Àwọn fíìmù tí a yà sórí VHS ní àwọn ọdún 1990, ní Èkó, ní Kánò, ní Àkírà ní Gánà, 4:3 ni wọ́n. Ẹ lọ wò wọ́n lórí YouTube: ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti nà kún 16:9 kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀. Gángan wá rí bí gbẹ̀du. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ di ìyá ìjọ. Nígbà tó bá sì ti wà nínú fíìmù náà bẹ́ẹ̀, kò sí sẹ́tíńgì káàdì tó lè mọ̀; káàdì ń rí àwòrán 16:9, ó gbà á bẹ́ẹ̀. Ó di ìgbà tí ẹ bá gbé e sínú VLC, kí ẹ tẹ A lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà títí yóò fi dé 4:3. Bí mo ṣe ṣe fídíò bàbá wa nìyẹn. Ó kú ní ọdún 2009. Ẹnìkan bá wa gbé kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ ìbí rẹ̀ sórí fíláàṣì, ó sì bá wa nà án láìbéèrè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí kò mọ̀ ọ́n, wò ó, ó ní, “Bàbá àgbà sanra o.” Bàbá wa kò sanra lọ́jọ́ kan rí láyé. Ọmọ yìí ti fẹ́ máa gbé bàbá mìíràn dàgbà nínú orí rẹ̀.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí àwọn tó ń ta àpótí kékeré tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù àtijọ́ sínú rẹ̀, tí àwọn òbí ń rà lọ́dún Kérésì, àti sí àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù géèmù tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sanwó lórí eré kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó gba owó, ẹ fi tẹlifíṣọ̀n sí Game Mode, ẹ sì yé na àwòrán. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọmọ tó bá pàdánù nítorí pé tẹlifíṣọ̀n yín ń pẹ́, ẹ ti gba owó rẹ̀ láìtọ́. Èmi kò rí orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn kan wà tí wọn yóò ka gbogbo èyí tí wọn yóò sì máa rẹ́rìn-ín sí mi. Lójú wọn, géèmù oníkóìnì kò ṣeé wò lórí ohunkóhun àfi tẹlifíṣọ̀n onígbà, èyí tó ní ìdí gbàǹgbà lẹ́yìn. N kò lè jiyàn. Irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ kì í tọ́jú àwòrán kó tó gbé e jáde. Bí ìlà bá ṣe ń dé ni ó ń fi iná yà á. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ní Ìbàdàn, bóyá ni ohunkóhun wà láàrin ìka ẹ̀gbọ́n mi àti apá Ryu. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ní òkè òkun ń wá káàdì Radeon àtijọ́ kiri, wọ́n ń fi CRT_EmuDriver sí i kí ó lè máa fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 15 ìlà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan ránṣẹ́, nítorí pé ohun tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ gbọ́ nìyẹn, kọ̀ǹpútà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 31. Káàdì NVIDIA láti GTX 1050 sókè kò tilẹ̀ ní ojú ihò tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè gbà jáde mọ́. Wọ́n ń san owó gidi lórí tẹlifíṣọ̀n tí àwa ń fi òòlù fọ́ lẹ́yìn ọjà nítorí kọ́pà inú rẹ̀, tí àwọn ọmọdé sì ń fa òjé inú gíláàsì rẹ̀ símú. Ìyẹn yẹ kó dùn wá. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni ní ìlú tí iná ti ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ pé kó lọ gbé tẹlifíṣọ̀n tí ènìyàn méjì kò lè gbé lórí jẹ́nẹ́rétọ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́, kó má fọ́ ọ. Ẹni tí kò bá ní, sẹ́tíńgì tí mo kà sílẹ̀ yìí yóò gbé e dé ibi tó sún mọ́ ọn.

Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lè mú ẹ̀gbọ́n mi padà sídìí géèmù náà. N kò sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ken fò wá, ó tẹ bọ́tìnnì, Ken sì gba ẹ̀ṣẹ́ náà lójú òfúrufú. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà náà ni mo wá fi fídíò fóònù mi hàn án, 38 àti 17, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì fúnra rẹ̀.

Ọwọ́ náà kò tíì pé. Ìka àárín kì í ká dáadáa tí òtútù bá mú, mo sì rò pé bí yóò ṣe máa wà nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ ti ń nà án báyìí ní ọ̀sán Sátidé, ó ń mú Blanka, ó ń yí gbirigbiri bọ̀ wá bù ú jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi á bú Blanka, á bú ìran Blanka, á ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Kò bú ọwọ́ rẹ̀ mọ́.